Iná ọ̀run àpáàdì àti àánú Ọlọ́run: Ọ̀rọ̀ tí kì í tán lójú ọ̀nà Àgbádárìgì

Ẹni tó bá ń gbé Òkokomáíkò, Ìbà tàbí Ọ̀jọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò àkùkọ kó tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń mọ́. Kí ládánì tó pe ìrun àárọ̀ tán ni oníwàásù ti gbé agogo àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ bọ́ sí àdúgbò, tó ń ké sí àwọn tó ṣì wà lórí ẹní pé kí wọ́n ronú pìwà dà, nítorí pé iná ń bẹ níwájú fún ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí ẹni náà bá dìde, tó wẹ̀, tó wọ dáńfó ní Ìyánà-Ìbà, ọkọ̀ náà lè má tíì dé Volkswagen tí òmíràn yóò fi dìde láàrin èrò, tí yóò ní kí gbogbo ọkọ̀ di ojú kí àwọn gbàdúrà ìrìnàjò. Àdúrà kì í pẹ́ di ìbéèrè: bí ọkọ̀ yìí bá gbókìtì báyìí, níbo ni ìwọ ń lọ? Ní ojú ọ̀nà tí iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 2009, èrò tó bá gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo agbègbè náà, láti Ọ̀jọ́ títí dé Ọ̀tọ̀ àti Ìjanikin, ṣùgbọ́n ọjà Alaba, yunifásítì LASU àti ọ̀nà tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀ ti kó ẹ̀yà gbogbo jọ síbẹ̀. Oníkálùkù ló gbé ìjọ tirẹ̀ dání wá. Àwọn aláṣọ funfun wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ Celestial tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947. Àgùdà wà níbẹ̀, Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, CAC, Ridíìmù, Deeper Life àti àwọn ìjọ kéékèèké tó jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n gbà. Wọ́n yàtọ̀ síra nínú aṣọ, ìlù àti àdúrà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ló ń sọ nǹkan méjì kan náà: pé Ọlọ́run ń dárí ji ẹnikẹ́ni tó bá ronú pìwà dà, bó ti wù kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó, àti pé ibi ìyà kan wà fún ẹni tó bá kọ̀.

Kò sí ìṣòro níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì jẹ́ ti ẹlòmíràn, ti olè, ti adigunjalè, ti òṣèlú tó kówó ìlú jẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé òkú bàbá ẹni wọlé ni ó máa ń di wàhálà, pàápàá bàbá tí kò ṣe ìrìbọmi, tó bọ Ògún tàbí tó ṣe ìmàle títí ó fi kú, tó sì jẹ́ pé òun náà ló ta ilẹ̀ kó lè fi rán ọmọ tó wá di pásítọ̀ lónìí lọ sí ilé ìwé. Kí ni kí ọmọ bẹ́ẹ̀ wí? Ẹ wo ara ògiri láti Ìyánà-Ìbà dé Ìjanikin, ẹ wo àwọn ìwé ìkéde òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo wọn ló ti lọ sí ilé ògo. Gbogbo wọn ló sùn nínú Olúwa. Kò tíì sí ìdílé kan tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìkéde pé ọ̀run àpáàdì ni bàbá àwọn wà, bó ti wù kí bàbá náà le tó nígbà ayé rẹ̀. Oníwàásù tó fi iná dẹ́rù bà gbogbo àdúgbò ní àárọ̀, àánú ni òun náà ń sọ lẹ́bàá pósí ní ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní ojú ọ̀nà náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1842 ni Thomas Birch Freeman, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ òyìnbó, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì láti Cape Coast. Abẹ́ igi Agia ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù Kristẹni ní ìlú náà. Igi ọ̀hún wó ní 1959, ọwọ̀n ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1845, Henry Townsend, Charles Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther ti ìjọ CMS dé. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó fẹ́ gbà wọ́n lálejò, ti kú, ọ̀nà sì dí. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi wà ní Àgbádárìgì kí wọ́n tó rí ọ̀nà kọjá.

Ìtàn Crowther fúnra rẹ̀ fi ibi tí bàtà ti ń ta ni lẹ́sẹ̀ hàn. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣòógùn, nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tó di oníwàásù tó padà sí ilẹ̀ Yorùbá, ó tún pàdé ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ 1846, lẹ́yìn bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti pínyà. Ìyá náà wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejì 1848, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánnà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bàbá Crowther ti bá ogun lọ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wàásù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá gbọ́, bàbá kò gbọ́. Báwo ni wọn yóò ṣe ṣe ìpín àwọn méjèèjì ní ọ̀run? Kò sí ìdílé Yorùbá kan tó gba ìgbàgbọ́ nígbà náà tí kò ní irú bàbá bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Ìtàn àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé Radbod, ọba àwọn Frisia ní agbègbè tí a ń pè ní Netherlands lónìí, tó kú ní 719, ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú omi ìrìbọmi nígbà tó bi àlùfáà léèrè pé níbo ni àwọn bàbá òun wà. Wọ́n dá a lóhùn pé ọ̀run àpáàdì ni. Ọba yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú omi. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí òun ni òun yóò lọ. Ní ilẹ̀ Natal ní gúúsù Áfíríkà, bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà kan, John Colenso, gbé láàrin àwọn Súlù, ó ń gbọ́ irú ìbéèrè yìí lẹ́nu wọn. Nígbà tó di 1861, ó tẹ ìwé kan jáde lórí Episteli sí àwọn ará Róòmù, ó sì kọ̀ láti gbà pé Ọlọ́run yóò fi iná tí kò lópin jó àwọn tí kò gbọ́ ìyìn rere rí. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tí Robert Gray, bíṣọ́ọ̀bù Cape Town, torí rẹ̀ yọ ọ́ nípò ní 1863, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ní 1865 pé Gray kò ní àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé ìyọnípò náà ni wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury.

Ó yẹ kí ènìyàn wo ọ̀rọ̀ náà gan-an, nítorí pé inú ìkòkò ni ó ti wá. Àwọn àgbà mọ àpáàdì: ìkòkò tó fọ́ ni, èyí tí wọ́n fi ń fọn ẹyin iná láti ilé aládùúgbò nígbà tí ìṣáná kò tíì wọ́pọ̀. Òun ni wọ́n ṣe máa ń sọ pé àpáàdì ló tó ko iná lójú. Nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962, Bọ́lájí Ìdòwú, tó wá di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, ṣàlàyé pé Yorùbá ní ọ̀run rere, wọ́n sì ní ọ̀run àpáàdì, ibi tí ẹni búburú ń lọ bí ohun tó ti fọ́ tí kò wúlò mọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn ń ṣiyè méjì bóyá kì í ṣe ìwàásù ẹ̀sìn tó wá láti òkèèrè ló mú kí ìyàtọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ti àwọn Mùsùlùmí Àwórì ni, iná jahannama ni wọ́n ń pe tiwọn.

Nígbà tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wọ́n ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò kíyè sí. Bíbélì òyìnbó àtijọ́, èyí tí Ọba James pàṣẹ kí wọ́n túmọ̀, máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ibi tí gbogbo òkú wà àti ibi tí wọ́n ti ń fi iná jẹ ènìyàn níyà. Bíbélì Yorùbá pín in sí méjì. Ipò òkú ni ti àkọ́kọ́, ibi tí Dáfídì nínú Orin Dáfídì kẹrìndínlógún ń sọ pé Ọlọ́run kò ní fi ọkàn òun sílẹ̀ sí. Ọ̀run àpáàdì ni èkejì, èyí tí Jésù sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwàásù orí òkè. Ìyá àgbà tó ń ka Bíbélì Yorùbá rẹ̀ ní Ọ̀tọ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ rí ohun tó pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ tó ń ka ti òyìnbó: pé ibi tí gbogbo òkú wà yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń fi iná jẹ ènìyàn níyà.

Ọ̀rọ̀ tí Jésù lò gan-an, Gẹ̀hẹ́nà, orúkọ àfonífojì kan ni lẹ́yìn odi Jerúsálẹ́mù, àfonífojì Hínómù. Ibẹ̀ ni àwọn ọba Júdà kan ti sun àwọn ọmọ wọn nínú iná fún òrìṣà Mólékì, títí Jòsáyà ọba fi sọ ibẹ̀ di aláìmọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe é mọ́. Wòlíì Jeremáyà ní Ọlọ́run sọ nípa iná tí wọ́n dá níbẹ̀ pé òun kò pàṣẹ rẹ̀, kò tilẹ̀ wá sí òun lọ́kàn. Àwọn tó ń fi ẹnu dá iná fún ènìyàn lójoojúmọ́ kì í sábà ka orí keje ìwé Jeremáyà.

Àwọn bàbá ìjọ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Origen, ará Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, tó gbé ayé láàrin nǹkan bí 185 sí 254, rò pé ìyà Ọlọ́run dà bí oògùn, pé nígbà tó bá yá Ọlọ́run yóò mú gbogbo ẹ̀dá padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Algeria lónìí, tó kú ní 430, ní bẹ́ẹ̀ kọ́, iná náà kò lópin. Ọmọ Áfíríkà ni àwọn méjèèjì o. Ti Augustine ló borí. Nígbà tó di 553, ní àkókò ìpàdé ńlá ìjọ ní Constantinople, wọ́n fi ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Origen bú.

Ìjọ Àgùdà gbà pé iná ayérayé wà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ibi ìwẹ̀nùmọ́ kan tún wà, pọ́gátórì, fún ẹni tó kú nínú oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run tí àbàwọ́n ṣì kù lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbàdúrà fún òkú ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún. Ibẹ̀ náà ni wàhálà Martin Luther ti bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1517, nígbà tí wọ́n ń ta ìwé ìdáríjì pé owó rẹ lè dín ìyà òkú rẹ kù. Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta òróró àti omi ìyanu kò ní ṣàì mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ní 1964, àpérò Vatican Kejì sọ ọ́ kedere pé ẹni tí kò mọ Kristi, tí kì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀, tó sì ń fi ọkàn òtítọ́ wá Ọlọ́run, lè rí ìgbàlà. Ní oṣù Keje 1999, Póòpù John Paul Kejì ṣàlàyé pé kì í ṣe ibì kan bí ìlú ni ọ̀run àpáàdì jẹ́ bí kò ṣe ipò ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ara rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ ìjọ Áńgílíkà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ̀rọ̀ tó sún mọ́ èyí ní 1995. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tó ń kan ilẹ̀kùn ní Òkokomáíkò ní tiwọn kò gbà pé iná kankan wà tó ń jó òkú. Wọ́n ní òkú kò mọ ohunkóhun, pé ìparun pátápátá ni èrè ẹni búburú. Àwọn Adventist, tó ni yunifásítì Babcock ní Ìlísàn, kò jìnnà sí wọn lórí èyí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àánú ni ọ̀nà tó rọrùn. Ìjọ Deeper Life, tí William Kumuyi fi ènìyàn 15 bẹ̀rẹ̀ ní ilé tó ń gbé ní yunifásítì Èkó ní 1973, kì í fi ọ̀rọ̀ iná ṣeré rárá, síbẹ̀ wọ́n tún kọ́ àwọn ènìyàn pé ẹni tó bá gba ìdáríjì gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe: kó dá ohun tó jí padà, kó jẹ́wọ́ irọ́ tó pa, kó san gbèsè tó sẹ́. Ìwé ẹ̀rí ayédèrú tí ènìyàn fi gba iṣẹ́ wà lára rẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n tà fún ẹni mẹ́ta náà sì wà níbẹ̀. Ní Ọ̀tọ̀-Àwórì tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í tán ní kóòtù, ẹ̀kọ́ yìí le ju ìwàásù iná lọ. Ó rọrùn láti sunkún níwájú pẹpẹ. Láti padà lọ bá opó tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò rọrùn.

Orí wà nínú ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò. Foríjì, dáríjì: orí ẹni ni wọ́n ń jìn ín. Ẹni tó jẹ̀bi ti fi orí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ sì dá a padà fún un. Ọ̀rọ̀ náà kò pa ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tì, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ ìwàásù ń gbàgbé. Olè tó wà lórí àgbélébùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù rí ìdáríjì ní wákàtí tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, gbogbo ìjọ ló ń wàásù rẹ̀. A kì í gbọ́ ohun tí ẹni tó jà lólè wí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán ní Èkó. Ní oṣù Keje 2006, Chukwuemeka Ezeugo, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Reverend King, olùdásílẹ̀ ìjọ Christian Praying Assembly ní Ajao Estate, fi ẹ̀sùn àgbèrè kan àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ kan. Ohun tí ilé ẹjọ́ rí ni pé wọ́n da bẹntiróòlù sí wọn lára, wọ́n sì ṣáná sí i. Obìnrin kan kú nínú wọn. Ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà dá a lẹ́jọ́ ikú ní oṣù Kìn-ín-ní 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejì 2016. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ń fi iná jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ níyà lè ní ọ̀ràn ìkà lásán ni èyí, kò kan ẹ̀kọ́ ìjọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjìnnà wo ló wà láàrin ẹni tó ń dunnú sí iná tí ẹlòmíràn yóò jó lọ́run àti ẹni tí kò lè dúró dìgbà náà? Èyí tó tún le jù ni pé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ Kristẹni kan náà, bí ọkùnrin yìí bá ronú pìwà dà tọkàntọkàn, Ọlọ́run yóò dárí jì í. Ìdáríjì bẹ́ẹ̀ kò fagi lé ìdájọ́ kóòtù, kò sì jí òkú dìde fún àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹni tó bá ní ó rọrùn láti gbà, kò tíì rò ó dé ìsàlẹ̀.

Ẹnìkan wà ní Amẹ́ríkà tó rò ó dé ìsàlẹ̀, ó sì ná an ní ohun púpọ̀. Carlton Pearson, bíṣọ́ọ̀bù ènìyàn dúdú ní ìlú Tulsa, ní ìjọ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn. Ó sọ pé àwòrán àwọn ogunléndé Rwanda tí òun rí lórí tẹlifíṣọ̀n ló yí òun lọ́kàn padà: àwọn ọmọ tí ebi ti pa dé egungun, tí ẹ̀kọ́ tí òun fi ń wàásù sọ pé iná ló tún kàn wọ́n bí wọn kò bá tíì gba Jésù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù pé Jésù ti san gbèsè gbogbo ènìyàn pátá. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde rẹ̀ ní aládàámọ̀ ní 2004. Ìjọ túká mọ́ ọn lórí, wọ́n pàdánù ilé ìjọsìn náà. Ó kú ní oṣù Kọkànlá 2023, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Àwọn tó kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ìdí tó ṣe é gbọ́: bí kò bá sí ìyà kankan níwájú, kí ni yóò dá ẹni tó ń fi ayé ni ọmọlàkejì rẹ̀ lára dúró, nílùú tí kóòtù kì í tètè dájọ́, tí tálákà kò sì ní agbẹjọ́rò? Ẹni tí wọ́n ti jà lólè ilẹ̀ kì í bínú sí ìwàásù ọ̀run àpáàdì. Òun ni ìrètí tó kù ú.

Bàbá wa àtijọ́ ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ìwàásù òwúrọ̀ kì í rántí ọwọ́ òsì. Àmọ́ nínú ilé, òun ni wọ́n ń lò, wọn kì í sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ilé lè bímọkùnrin lẹ́yìn tí bàbá ọkọ rẹ̀, abọ̀rìṣà tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, bá ti papò dà. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìdílé á péjọ, pásítọ̀ á gbé ọmọ náà sókè, á bèèrè orúkọ rẹ̀. Bàbátúndé ni wọ́n máa ń wí. Pásítọ̀ náà á sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìjọ á sì ṣe àmín.